Ṣàdáàkì tí Hamidat Béèrè

Kúlà oúnjẹ ni Abdulhaleem kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ẹni tó rù ú. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ní Post Office n'Ílọrin, níbi tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀, ọmọbìnrin kan dúró sójú kan bí òpó. Kúlà ńlá wà lórí rẹ̀, báàgì aṣọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn wà lọ́wọ́ òsì, òógùn ti mú híjáàbù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn ọlọ́kadà ń bú u pé kó kúrò lọ́nà. Ó ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Abdulhaleem kò kí i. Ó gbé kúlà náà kúrò lórí rẹ̀ ná.

"Ṣé olè ni ẹ́ ni?" Ohùn ọmọbìnrin náà kò ju ti ọmọ adìẹ lọ.

"Bí mo bá fẹ́ jalè, ohun tó fúyẹ́ ju èyí lọ ni mo máa jí. Kí ló wà níbẹ̀, òkúta?"

"Tùwó ni. Àlejò Bàbá mi ló ni ín."

"Wá jókòó, arábìnrin, kí tùwó àlejò má baà pa onílé."

Ọmọ ọmọ mi ni. Hamidat, àkọ́bí Shehu tí mo bí. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé tí mo mọ̀ kò ju orúkọ mi lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi bá ti rí, kì í gbàgbé. Èyí tí kò ṣojú mi níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì ni Abdulhaleem, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Basin. Ó mú un jókòó sábẹ́ agbòòrùn obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, ó yọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì rẹ̀, ó wé e mọ́ ọn lápá. Ó wọ̀n ọ́n. Ó ní kó mí kanlẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Àádọ́sàn-án lókè, àádọ́fà nísàlẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Ìgbà wo lo sùn dáadáa kẹ́yìn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Oorun? Èwo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Abdulhaleem kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti mú òun. Ó ní ẹni tó ń kú lọ, tó ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, báwo lòun ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Hamidat ṣe ń rí, torí inú ń bí mi nígbàkígbà tí mo bá rántí. Ọdún mẹ́rin ni Àṣàbí ìyá rẹ̀ ti kú. Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, Hamidat ti gbálẹ̀, ó ti gbé ẹ̀kọ kaná. Shehu, bàbá rẹ̀, àlùfáà ni, ó ní ilé kéwú. Ọmọ kéwú mẹ́rìndínlógún ló ń jẹun lọ́wọ́ Hamidat. Yóò wẹ àwọn àbúrò rẹ̀, yóò sáré lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀ ní Táíwò Road, yóò rán aṣọ títí ẹ̀yìn á fi ro ó, yóò sáré bọ̀ wá dáná alẹ́. Àlejò Shehu kì í tán. Èmi náà wà níbẹ̀. Omi gbígbóná tí mo fi ń wẹ̀, òun ló ń gbé e. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí lóru, orúkọ rẹ̀ ni mò ń pè.

Bó bá ní orí ń fọ́ òun, a ó ní, "Ṣe sùúrù, obìnrin ni ẹ́." Sùúrù! Ta ló sọ fún wa pé sùúrù ni oògùn orí fífọ́?

Dókítà tí Abdulhaleem mú un lọ bá kò pè é ní iṣẹ́ ayé. Ó ní ẹni tó bá ń sáré nínú ọkàn láti òwúrọ̀ dalẹ́, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bí àyà ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀jẹ̀ á máa fagbára ti iṣan, oorun á sá, oúnjẹ kò ní dà, inú á máa bí i sí ohun tí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ara á máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fún un ní oògùn, ẹyọ kan láràárọ̀. Ó ní kó dín iyọ̀ àti mágì kù, kó máa rìn, kó máa sùn. Ó ní kó wá ẹni tí yóò bá a pín ẹrù, torí oògùn nìkan kò lè bá kúlà jà.

Bí gbogbo ọjọ́ Àlàmísì bá ti dé, lẹ́yìn Àlàásárì, Abdulhaleem á yọ sí ṣọ́ọ̀bù Hamidat.

"Ṣé o mu oògùn?"

"Mo mu ún, ọ̀gá nọ́ọ̀sì."

"Ṣé o rìn?"

"Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máṣíìnì."

"Dìde, ká rìn dé ìdí igi ọ̀hún yẹn, ká padà."

"Kí gbogbo Táíwò wá máa wò wá?"

"Kí wọ́n máa wò. Mo lọ ṣòkòtò mi lónìí."

Wọ́n á rìn. Ó ń bi í léèrè iṣẹ́ tó gbé fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ náà. Nígbà kan Hamidat ní, "Azeezah àbúrò mi ló ń fọ abọ́ báyìí. Ó ti fọ́ àwo méjì."

"Àwo méjì sàn ju Hamidat kan lọ."

Èmi ni mo sọ oríkì rẹ̀ fún Abdulhaleem lọ́jọ́ tó wá kí mi. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Bó ti dọ̀bálẹ̀ tán, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó wú. Láti ọjọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́ ló ń pe ọmọ ọmọ mi.

Ní oṣù kẹta tí wọ́n ti ń rìn, ẹ̀rọ náà sọ àádóje lókè, ọgọ́rin nísàlẹ̀. Abdulhaleem kò tú u kúrò lápá rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ máa wọ̀n ẹ́ títí a ó fi darúgbó."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ń sọ fún gbogbo ẹni tí o bá wọ̀n?"

"Àwọn bàbá arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn ò tíì gbà."

Hamidat ní òun gbà. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fẹ́ ìyàwó láìṣe ìwádìí. Bilkisu, ìyá Abdulhaleem, àgbẹ̀ ni, opó ni, lábúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin. Iṣu àti ewúrẹ́ ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó rán èèyàn wá sí àdúgbò wa. Obìnrin kan nínú agboolé wa ló dá ẹni náà lóhùn pé, "Ọmọ dáadáa ni o. Àmọ́ ó ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ẹni tó rí i bí a ti ń di ẹrù ru ọmọ náà lójoojúmọ́, tí kò bá a sọ ọ̀kan kalẹ̀ rí, oògùn rẹ̀ ló rí sọ.

Bilkisu gbọ́, ó ní, "Abdulhaleem, n kò tọ́ ẹ kí o lọ fẹ́ ẹni tó máa kú sí ẹ lọ́wọ́ níbi ìkúnlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Shehu. Ó pe Hamidat síwájú mi. "Àrùn àgbàlagbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Báwo ló ṣe bá ọmọ mi? Ọmọkùnrin yẹn ló fi ẹnu fà á wá. Iṣẹ́ ayé ni." Ó gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sápò. Ó kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kó máa mu hàǹtú náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kí Abdulhaleem má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, kí Azeezah sì fi abọ́ sílẹ̀, kó padà sídìí ìwé.

N kò bú hàǹtú. Òun ni mo mu dàgbà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n fi lé oògùn jáde? Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo pa ẹnu mọ́.

Hamidat pe Abdulhaleem lórí fóònù. "Má wá mọ́. Bàbá ti sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Èmi? Nílé wa, wọn kì í bi mí."

Ọjọ́ kejìdínlógún tó ti mu oògùn kẹ́yìn ni wọ́n ṣe wálíìmà àwọn ọmọ kéwú tó parí Kùránì. Ìkòkò ńlá mẹ́ta wà lórí iná lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó nítòsí, mò ń ṣa ìrẹsì. Hamidat mú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó dúró, ó ní, "Ìyá àgbà, mò ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Orí ń fọ́ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ibẹ̀ gan-an ni Àṣàbí ìyá rẹ̀ dúró sí. Ìdí ààrò kan náà, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan. Oṣù mẹ́ta ló ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Ìyá, orí ń fọ́ mi." Mo ní, "Parí ọbẹ̀ ná." Kò parí ọbẹ̀ náà. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wa sì ní ayé ló ṣe é.

Ẹsẹ̀ tí mo máa ń ní kò ṣeé rìn, ó rìn lọ́jọ́ náà. Mo gba ọmọrogùn lọ́wọ́ Hamidat, mo jù ú nù, mo fi àyà mi gbà á, a jọ ṣubú kúrò nídìí iná. Mo ní kí Azeezah pe nọ́ọ̀sì yẹn. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má bi mí nípa ìrẹsì.

Abdulhaleem ló gbé e wọ ọsibítù. Dókítà ní ká dúpẹ́, ó kù díẹ̀ kí iṣan já nínú orí rẹ̀. Abdulhaleem jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ, kò mu. Shehu dé, ó gbé wàláà dání.

Mo ní, "Shehu, gbé ìyẹn sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ mi. Àṣàbí sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun, mo ní kó parí ọbẹ̀. Ó sọ fún ìwọ náà, o ní àlejò ń bọ̀. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Àwa ni ayé. Bí o bá fẹ́ ka nǹkan lé ayé lórí, kà á lé èmi àti ìwọ lórí."

Ọmọ mi gbé wàláà náà sílẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú oògùn náà jáde, ó nà án sí Abdulhaleem. "Ṣé ó ṣì lè máa mu hàǹtú pẹ̀lú ẹ̀?"

"Bàbá, kó máa mu méjèèjì. Àdúrà yín kò bá oògùn jà."

Ó ku Bilkisu. Nígbà tí Hamidat ti ń jókòó, mo ní kí Abdulhaleem wá ọkọ̀, ó gbé mi lọ sábúlé. Bilkisu ń gúnyán, ó sáré wá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, Ìyá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọmọ kan yìí ni mo ní."

"Orí kì í fọ́ ìwọ?"

"Ó máa ń fọ́ mi. Ta ni orí kì í fọ́?"

"Ṣé wọ́n ti wọ̀n ẹ́ rí?"

Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó wọn tọmọdé tàgbà ní Basin, kò wọn ìyá tó bí i. Mo bú u níbẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, iye tí ẹ̀rọ sọ ju ti Hamidat ní Post Office lọ.

Bilkisu nu iyán kúrò lọ́wọ́. "Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe é, ó ń tọ́jú ara ẹ̀. Èmi ò mọ tèmi. Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kí wọ́n sá fún?" Ó dìde. "Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ìyá ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ wá gba oògùn."

Lọ́jọ́ yìgì, ilé kún. Àwọn àlùfáà jókòó lórí ẹní, wọ́n béèrè ohun tí ìyàwó ń gbà ní ṣàdáàkì. Shehu ni walí ọmọ rẹ̀, òun ló ń fà á fọ́kọ. Ó dá wọn lóhùn. "Ọmọ mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lòun ń gbà. Ó ní ilé yìí ni kó máa wà, kí gbogbo obìnrin agboolé máa fi wọn ara wọn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Shehu kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Abdulhaleem, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, obìnrin mọ́kànlá ti na apá. Èmi ni mo kọ́kọ́ nà án. Nínú wa, méje ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Méje! Kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọn kò ní kó ṣe sùúrù rí.

Wọ́n wá ìyàwó tì. Inú yàrá mi ló wà, ó sùn lọ sórí ẹní mi tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Abdulhaleem bọ́ bàtà náà fún un, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti agbádá ọkọ ìyàwó. Ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ń sùn."

Obìnrin tó dáhùn ìwádìí ọjọ́sí wá kígbe pé, "Hamidat dà? Kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ ni a ń wá."

Shehu ló dá a lóhùn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má baà jí ọmọ rẹ̀.

"Lọ wá kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ."