Ta Ni Ò Ń Ju Bọ́ọ̀lù Náà Sí?

"Òróró rẹ ló ba ayé mi jẹ́, Mummy! Ìwọ àti òróró rẹ!"

Ohùn Dámiláre gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alájà tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Yarnton Way, ní London. Ọmọ tí wọ́n fi "ẹ" tọ́ láti kékeré ló ń fi "ìwọ" na ìyá rẹ̀ lójú bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ìyáàfin Fàósátù tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó wò ó, ó sì rọra tì í padà.

Ìyá Dámiláre, Abísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Mo ní kí o fi sí iwájú orí, kí o gbàdúrà. Ta ló ní kí o fi pa ìbọ̀wọ́? Ṣé ilẹ̀kùn tó ń dún ni ọwọ́ rẹ ni?"

"Má pè mí mọ́. Sọ fún wọn pé o ò bímọ."

Ó sáré gba orí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ló pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì kó lọ sí yàrá kan létí adágún Southmere. Kò sọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òróró náà fún ọ, kí o má baà rò pé orí rẹ̀ dàrú.

Bésíbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ Olúwadámiláre. Láti kékeré ló ti ń gbá a ní London yìí, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó rí ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì mú un lọ. Àárín ibùdó kejì àti ìkẹta, nínú mẹ́rin tí eléré gbọ́dọ̀ sá yí ká, ló ń dúró sí, ipò tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tìsítọ́ọ̀pù. Ojo kì í dúró síbẹ̀. Wọn a fi igi gbá bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta, a sì máa sáré bọ̀ nílẹ̀ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ẹni tó wà níbẹ̀ a bẹ̀rẹ̀, a hán an, a sì jù ú sọdá pápá kí ẹni tó gbá a tó sá dé ibùdó àkọ́kọ́. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Dámiláre mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké gun bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń gòkè ni ọrùn rẹ̀ ń le. Kì í gbàdúrà. Ọtí ló ń bá sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá pè, á ní òun wà lórí pápá, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì wà.

Nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń bọ̀ wá wò ó, àyà rẹ̀ já. Ìgbà náà ló rántí Ọlọ́run, bí èèyàn ti ń rántí agboòrùn lọ́jọ́ òjò. Ó yọ ìgò òróró àdúrà tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, tí kò ṣí rí. Kò kúnlẹ̀. Kò bá Ọlọ́run sọ gbólóhùn kan. Ó da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa inú ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó ní bọ́ọ̀lù kankan kò ní kọjá òun lónìí.

Òróró ólífì ni, ará. Òróró ólífì sì ń yọ̀.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ dé, ó hán an. Bó ti fẹ́ jù ú, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di àárín àwọn òǹwòran. Ìkejì já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé àṣìṣe rẹ̀ sórí pátákó gàgàrà, gbogbo pápá ń wò ó. Àwọn àlejò ẹgbẹ́ ńlá dìde kí eré tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ kékeré pàápàá kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọtí gba èyí tó kù, ó sì padà sí London lọ́wọ́ òfo.

Ó fi ohun mímọ́ ṣe oògùn, oògùn kò jẹ́, ó wá ń bínú sí ẹni tó fún un. Ò ń rẹ́rìn-ín? Áńkáṣífù tí pásítọ̀ gbàdúrà sí, tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ ńkọ́, ìwọ tí o kò kúnlẹ̀ láti ìgbà tó o ti gba físà?

Bẹ́ẹ̀ ni Dámiláre di ẹni tó ń dá wà. Ó ń gbọ́ Yorùbá láti ara ògiri, lókè àti nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́. Òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíràn á gba ojú fèrèsé wọlé, á sì dìde lọ tì í. Ó ń bá pẹ́pẹ́yẹ Southmere sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba búrẹ́dì, wọ́n á sì yíjú sí ẹlòmíràn. Ìrìn tí ìrẹsì kò ní jiná kí ó tó tán ló wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kí ó má baà kọjá níwájú fèrèsé rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú bọ́ọ̀lù kan, ó lọ sí pápá Woolwich Common, níwájú bárékè àwọn ológun. Ó jù ú sọdá koríko, ó rìn lọ mú un, ó yíjú padà, ó tún jù ú.

Adédọ̀tun, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ń jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì. Ó dìde.

"Dámi? Wọ́n ní o ti kọ́lé sí Amẹ́ríkà."

"Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á."

"Mo rí bàtà ẹ, mo ti mọ̀. Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń ju bọ́ọ̀lù."

Adédọ̀tun wo pápá títí dé ìpẹ̀kun. "Ta ni ò ń jù ú sí?"

Dámiláre náà wo ìpẹ̀kun pápá; koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí koríko, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Adédọ̀tun jókòó tì í. Dámiláre ro ọ̀rọ̀ òróró fún un, ó ń retí kí ó bá òun bú ìyá òun.

"Òróró ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan," Adédọ̀tun ní. "O fẹ́ kí Jésù dúró sẹ́yìn ẹ, kó máa bá ẹ hán bọ́ọ̀lù. Ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, ìwọ ń fi í ṣe gíríìsì."

"Ṣé á gbọ́ irú èmi?"

"Ó gbọ́ tèmi. Ṣé o ti gbàgbé irú ọmọ tí mo jẹ́ ni?"

Dámiláre dojú bolẹ̀ níbẹ̀. "Jésù, kì í ṣe òróró. Kì í ṣe Mummy. Èmi ni. Gbà mí." Ààrá kò sán. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ti ń rù láti Amẹ́ríkà bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé a ti gbọ́ òun.

"Ó yá, dìde," Adédọ̀tun ní. "Jẹ́ ká lọ bá Mummy."

Dámiláre mi orí. "Báyìí? Èmi nìkan? Ohun tí mo sọ sí wọn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dá bẹ̀. Bá mi wá àwọn àgbà ìjọ yín. Kí n múra dáadáa, kí wọ́n síwájú mi. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

"Ọmọ ni ìyá ẹ fẹ́ rí, kì í ṣe àgbà."

"Ọjọ́ Àìkú."

Ọmọ Yorùbá ni Adédọ̀tun náà. Kò jiyàn mọ́.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ó kàn ọ́. Ṣé o mọ Jésù, àbí o kan ń gbé nǹkan rẹ̀ kiri? Má sọ fún mi pé ìyá rẹ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. O ní ó di ìgbà tí ìwé ìgbélùú bá jáde, ó di ìgbà tí o bá ṣègbéyàwó, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀. Ta ló bá ọ fi ọ̀la pamọ́? Nínú bọ́ọ̀sì ni o, nínú kíṣìnì ni o, tẹrí ba níbẹ̀. Sọ pé: Jésù, èmi ni mo ṣẹ̀, gbà mí. Ẹni tí o sì ṣẹ̀ nínú ènìyàn, dìde lọ bá a lónìí. Bí o bá rò pé ariwo lásán ni mò ń pa, gbọ́ èyí tó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú, Dámiláre wọ aṣọ funfun, àwọn àgbà ìjọ síwájú rẹ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn Yarnton Way. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ni kí ìyá òun ti bá òun. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà kan ilẹ̀kùn. Ó tún kàn án.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni," Dámiláre ní, àyà rẹ̀ nílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló ṣí. Ìyáàfin Fàósátù jáde, ó wo àwọn àgbà, ó wo aṣọ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "A wá ọ títí, a ò mọ ibi tí o wà. Mummy ti kú láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí."