Ta Ló Pe Ilé-Ìwé Ní Àká?

"Ọ̀dàlẹ̀ lobìnrin yìí, Bàbá! Ó ti ta ilé-ìwé yín! Kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ!"

Ohùn Raija nìyẹn nínú ilé Lehtola lọ́sàn-án Sátidé, kọfí ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Raija ni àkọ́bí Vilho Lehtola. Sirkka, ìyàwó Esko àbúrò rẹ̀, ló ń nàka sí. Sirkka ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ariwo Raija ò ṣeé fọkàn tán lọ́jọ́ náà, ó ti pọ̀ jù.

Oko ànàmọ́ ni Korpiniitty tẹ́lẹ̀, níbi tí ìlú Helsinki ti ń parí sínú igbó. Nígbà tógun àgbáyé kejì parí, táwọn èèyàn ń wá ibi kọ́lé sí, inú àká Vilho làwọn ọmọ ti kọ́kọ́ kàwé. Lẹ́yìn náà ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé-ìwé, ó ní bí ilé-ìwé bá kógbá sílé, kí ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìdílé òun. Àwọn ọmọ pọ̀ títí wọ́n fi ń pín ara wọn sí tàárọ̀ àti tọ̀sán. Nígbà tó yá, wọ́n dàgbà, wọ́n sì ṣí lọ. Ní báyìí ìjọba ìlú ń wá ilé-ìwé tí wọ́n máa tì, ìròyìn sì ti kàn pé obìnrin kan fóònù wọn pé Sirkka Lehtola lòun, pé ilé-ìwé náà ti sú àwọn òbí.

"Bàbá, èmi kọ́," ni Sirkka wí. "Ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ń lọ. Kí ni màá rí jẹ níbẹ̀?"

"Irọ́! Àbí Sirkka Lehtola míì tún wà? Àjòjì ará Oulu!"

Àjòjì ni Raija máa ń pè é. Nínú ilé yẹn, Àká ni wọ́n ṣì ń pe ilé-ìwé, kò sẹ́lòmíì tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sirkka jẹ́ ìyàwó tuntun, ó dán an wò níwájú Bàbá. Raija sì fi bú u: "Ta ló ń bá ẹ pè é ní Àká? Àwa tí wọ́n bí síbí la ni orúkọ yẹn!" Láti ọjọ́ náà, "ilé-ìwé" ni Sirkka ń sọ.

Vilho wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìpàdé òbí wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo bá gbọ́ níbẹ̀ pé òótọ́ ni, Sirkka, o ò ní sùn nínú ilé mi mọ́."

Esko ń wo inú ife rẹ̀. Ọ̀lẹ ọkọ! Nírọ̀lẹ́, nínú ooru sáúnà, ilé ìwẹ̀ wọn, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé: "Jọ̀ọ́, ṣé ìwọ kọ́?" Ìyẹn ló pa Sirkka lẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ìlú ní kò sọ́mọ tó pọ̀ mọ́ ní Korpiniitty.

"Ṣé ẹyẹ làwọn tèmi ni?" Hodan, ará Somalia tó ń gbé lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀, fò dìde. "Ẹ wá wo báwọn ọmọ ṣe ń kún àtẹ̀gùn ilé wa láàárọ̀!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Vilho fi ọ̀pá dìde, ó kọjú sí obìnrin ọ́fíìsì náà.

"Ọmọ mi, kí lẹni tó pè yín sọ gan-an?"

"Bàbá, èmi ni mo gbé fóònù náà, mo rántí torí pé kò kọ́kọ́ yé mi. Ó ní, 'Àká yẹn ti ṣófo, ẹ tì í pa.' Mo ní àká wo? Ó ní ilé-ìwé lòun ń wí."

Ife Raija já bọ́.

"Raija," ni Vilho pè é.

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ló lè..."

"Ìwọ lo ní kí Sirkka má pè é bẹ́ẹ̀! Lójú mi báyìí! Ìyá ẹ ti kú. Obìnrin wo ló tún kù tó ń pè é ní Àká?"

"Ilẹ̀ wa ṣáà ni!" Raija bú sígbe. "Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé alájà síbẹ̀ ti bá mi sọ̀rọ̀! Ẹ ti darúgbó, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Olójúkòkòrò!" ni gbogbo gbọ̀ngàn pariwo.

"Ẹ gbọ́ o," ni Vilho wí. "Mo gbé ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fáwọn ọmọ Korpiniitty pátápátá. Bí wọ́n tiẹ̀ ti ilé-ìwé, kò ní padà sílé mi mọ́. Raija, má dé ilé mi mọ́."

Raija bá àárín èrò jáde, kò sẹ́ni tó yà fún un. Obìnrin ọ́fíìsì náà ní òun á sọ fáwọn ọ̀gá òun pé irọ́ ni wọ́n pa fáwọn, àwọn òbí ṣì ń fẹ́ ilé-ìwé wọn. Esko na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, Sirkka ò gbà á. Ó tọ́ sí i!

Bàbá arúgbó wá jókòó tì í.

"Sirkka, ọmọ mi, má bínú. Níbo la wà yìí?"

Sirkka nu ojú rẹ̀.

"Àká ni, Bàbá."