Ọkọ̀ Ajíbóyè Kọ̀, Ṣẹ̀fíátù Náà Kọ̀

Ajíbóyè tún ki irin tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì bọ iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó yí i títí òógùn fi bò ó lójú. Ọkọ̀ náà kàn wú ikọ́ bí arúgbó, ó sì dákẹ́. Àwọn èrò tó ti jókòó sórí àpò èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà Kúta ni wọ́n ń lọ, oòrùn sì ti ń mú. Ẹni tó bá pẹ́ dé ọjà, àwọn oníbàárà tó ń darí sílé ni yóò pàdé lọ́nà.

Láyé ìgbà náà, àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà ọkọ̀ wọ agbègbè Ìwó ni, lọ́rì ò sì tíì pọ̀. Dírẹ́bà níyì ju ìjòyè mìíràn lọ, Ajíbóyè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń rìn, ẹ ó rò pé òun ló la ọ̀nà náà. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan epo ọkọ̀ rẹ̀, òun nìkan ló ń rọ ọ́.

Ó ju irin náà sílẹ̀, ó nàka sí obìnrin kan tó dúró ti ẹrù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

"Obìnrin yìí ló di ọkọ̀ mi."

Nàfísátù ni obìnrin náà ń jẹ́. Opó ni, epo òyìnbó tí wọ́n fi ń tan fìtílà ló ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ajíbóyè já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó ní epo rẹ̀ yóò ta sí èlùbọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Inú bí Nàfísátù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ní àwọn yóò wò ó bóyá yóò rìn. Ta ni kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ ìbínú bẹ́ẹ̀ rí? Àmọ́ ọkọ̀ náà kò rìn lóòótọ́. Ni ẹnìkan bá fọhùn láàárín èrò pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí wọ́n ṣe sọ obìnrin tó ń ta epo jẹ́ẹ́jẹ́ di àjẹ́ nìyẹn.

Ìyá Àbẹ̀ní, àgbà nínú àwọn elélùbọ́, fa Nàfísátù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, kó tọrọ àforíjì, kí ọ̀rọ̀ náà parí. Ajíbóyè náà ní bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun yóò gbé ẹrù rẹ̀. Nàfísátù wo ojú àwọn èèyàn yíká. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. Ṣẹ̀fíátù ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ wọn epo.

"Ìyá mi, ẹ má kúnlẹ̀."

"Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán, ọmọ mi."

"Kò ní í tán. Bí ẹ bá bẹ̀bẹ̀ lónìí, ẹ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí ọmọ ẹnìkan bá ṣàìsàn lọ́la, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n máa wá."

Àwọn èrò fi ariwo bò ó. Wọ́n ní ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ni, wọ́n bú bàbá rẹ̀ tó ti kú mọ́ ọn. Ẹ̀rù ba Ṣẹ̀fíátù, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Kò fẹ́ kí wọ́n rí omi lójú òun, ló bá yíjú sí ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí garawa kan lẹ́bàá táyà. Ó ti rí Ajíbóyè tó ń fi í bu omi sí iwájú ọkọ̀ láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn inú rẹ̀: epo ọkọ̀ ló ń rùn níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tún tutù fún omi.

Ẹni tó bá ń ta epo òyìnbó kì í fi garawa omi bu epo. Omi díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, abẹ́ epo ni yóò lọ lúgọ sí. Fìtílà yóò máa ta pàràpàrà, oníbàárà yóò sì gbé ìjà wá ká ọ mọ́lé.

Ó béèrè lọ́wọ́ Ajíbóyè bóyá garawa náà ló fi rọ epo. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ọmọ elépo fìtílà mọ̀ nípa ọkọ̀ Òyìnbó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tú díẹ̀ nínú epo ọkọ̀ sínú ìgò ká wò ó," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Bó bá jẹ́ epo nìkan ló jáde, èmi àti ìyá mi yóò kúnlẹ̀, a ò sì ní í tà lọ́jà yìí mọ́."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ àwọn èrò, wọ́n ní kí Ajíbóyè tú u. Kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé ìgò tí Ṣẹ̀fíátù fi ń wọn epo sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìgò kún, ọmọbìnrin náà gbé e sókè sínú oòrùn. Omi ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, epo kàn léfòó díẹ̀ lókè. Ó mì ín, wọ́n dà pọ̀. Ó dúró díẹ̀, wọ́n tún pínyà lójú gbogbo wọn.

Ajíbóyè padà sábẹ́ ọkọ̀. Ó jẹ́ kí omi náà ṣàn tán, títí epo nìkan fi ń jáde, ó so ọ̀pá padà, ó sì tún ki irin bọ iwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà wú ikọ́, ó tún wú ikọ́, ó sì bú ramúramù. Àwọn èrò sáré gun ẹrù wọn. Ajíbóyè jókòó sípò dírẹ́bà, ó ní Ọlọ́run ti bá àwọn ṣe é, kí Nàfísátù gbé ẹrù rẹ̀ wá kíákíá. Ó rò pé ó tán nìyẹn. Irú wọn kò tán láyé títí dòní: wọ́n á bà ọ́ jẹ́ lójú ọjà, wọ́n á wá fi ojú rere tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ṣẹ̀fíátù lọ dúró síwájú ọkọ̀.

"Kúrò lọ́nà," ni Ajíbóyè wí.

"Ẹnu lẹ fi ba ìyá mi jẹ́, Bàbá. Ẹnu náà ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe, níwájú àwọn èèyàn yìí."

Ajíbóyè fun fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn. Ṣẹ̀fíátù kò yẹsẹ̀. Àwọn kan ń kùn pé ọjà ń lọ. Ìyá Àbẹ̀ní ló fọhùn láti orí èlùbọ́ rẹ̀ pé kí Ajíbóyè sọ ọ́ ká máa lọ, pé òun náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí òun ní kí Nàfísátù kúnlẹ̀.

Ajíbóyè wo ilẹ̀. "Nàfísátù kò ṣe ọkọ̀ mi ní nǹkan kan. Èmi ni mo rọ omi sí i."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Ṣẹ̀fíátù wí.

Ó tún un sọ, ó sì pariwo rẹ̀. Nígbà náà ni Ṣẹ̀fíátù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀nà á re o." Ajíbóyè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nàfísátù kò gun ọkọ̀ náà. Orí ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi ru epo dé Kúta, ọjà sì ti ń tú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìrìn náà dùn, irọ́ ló pa. Lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ bá a wí gan-an, ó ní ahọ́n rẹ̀ yóò kó bá a lọ́jọ́ kan. Wọ́n jọ rìn díẹ̀ sí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ohun tí o ṣe dára, ọmọ mi. Àgbà là ń kúnlẹ̀ fún. A kì í kúnlẹ̀ fún irọ́, ìbáà jẹ́ àgbà ló pa á."