Má Fi "Àlàáfíà Ni" Dá Dókítà Lóhùn

Bí ènìyàn bá ti ìrìn àjò ìwòsàn dé ní àdúgbò Koko, ilé rẹ̀ kì í gba èrò. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé Jàfárù ní Bouaké lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀, Sèlíátù, ti Abidjan dé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ìlú náà kún yàrá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá wọlé á ní, "Ẹ kú ewu o. Ojú ńkọ́?" Sèlíátù á sì dáhùn pé, "Àlàáfíà ni, alihamudulilahi."

Àlàáfíà kọ́. Bó ṣe ń dáhùn yẹn náà ni àwọn ohun dúdú kéékèèké bí eṣinṣin ń fò lọ, fò bọ̀ níwájú ojú ọ̀tún rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà sì ń ta á lójú bí iyẹ̀pẹ̀.

Sèlíátù ọlọ́jà abọ́ kì í ṣe ojo. Kò sí oníbàárà tó lè rẹ́ ẹ jẹ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èdè Dioula bú ènìyàn tí onítọ̀hún á tún máa rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n sọ ni pé ara òun kò dá. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó ń ráhùn kò moore Ọlọ́run, ó sì ń fún ọ̀tá ní ohun tí yóò fi yọ̀.

Ojú náà ló ti kọ́kọ́ ń kọ mànàmáná sí i, kí àwọn eṣinṣin yẹn tó dé. Marthe, ọmọ Oyèkúnlé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ojú kan nínú ìlú, ló gbọ́, tó sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà wọn. Dókítà ní awọ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, èyí tó ń bá wa gba àwòrán, ti ya. Wọ́n ní kó máa lọ sí Abidjan kíákíá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi iná lésà lẹ ibi tó ya.

Alàájì Tàjúdínì, ẹ̀gbọ́n Jàfárù, ti jókòó sórí àga tó dára jù nínú yàrá.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé àwọn eṣinṣin yẹn ti lọ?"

"Wọn ò tíì lọ, Alàájì."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé ivoirité yìí, tí wọ́n ń bi ẹni tí wọ́n bí síbí pé níbo ni bàbá ẹ̀ ti wá, ta ló máa fi tọkàntọkàn tọ́jú ojú Anago bíi tiwa? Wọ́n kàn fi iná jó o lójú, wọ́n ní kó máa lọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wọn, nítorí kò sí ẹni tí wọn ò tíì pè ní àlejò rí lọ́dún náà. Sìdíkátù, aládùúgbò wọn, ti fa tìróò yọ nínú àpò, ó na án sí Sèlíátù.

"Ìyá Qoyyum, tìróò Mẹ́kà ni. Ẹ jẹ́ n lé e fún yín, á fa ìdọ̀tí yẹn jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá a padà sápò." Marthe ló sọ̀rọ̀ látẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà.

Alàájì ní, "Ìwọ tó ò ń bá wọn ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ sọ?"

"Bouaké yìí ni wọ́n bí mi, Alàájì, wọ́n sì ń pe èmi náà ní àlejò. Ìyẹn ń bí mi nínú bó ṣe ń bí yín. Ṣùgbọ́n awọ ojú ò mọ Anago yàtọ̀ sí Baoulé onílùú. Tó bá ya, ó ya náà ni." Ó yíjú sí Sèlíátù. "Ìyá Qoyyum, tí abọ́ ike bá sán lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"A máa ń fi irin gbígbóná yọ́ etí ibi tó sán ni, kó lè lẹ̀ pọ̀."

"Ohun tí lésà ṣe náà nìyẹn. Ó lẹ ibi tó ya, kó má baà ṣí kúrò pátápátá. Kò gbá inú ojú. Àwọn eṣinṣin yẹn ti wà nínú ẹyinjú yín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹ tó gbàgbé wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta yín lójú, ìríran tó ṣe bàìbàì, ojú tó ń ro yín díẹ̀, ìwọ̀nyẹn á máa rọlẹ̀. Wọn ò ba ojú yín jẹ́."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Lílẹ̀ náà ò tíì gan. Ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má gbé ìdì abọ́, ẹ má fọwọ́ ra ojú, ẹ má fi ohunkóhun sí i àfi oògùn tí dókítà fún yín. Láràárọ̀, ẹ máa fọwọ́ bo ojú òsì, kí ẹ fi ọ̀tún nìkan wo ògiri. Bí mànàmáná bá tún bẹ̀rẹ̀, bí àwọn eṣinṣin náà bá ṣàdédé pọ̀ sí i, tàbí tí òjìji bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ bo fèrèsé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá. Ẹ má dúró de ìrun Jímọ̀."

Sèlíátù wo Sìdíkátù. "O ti gbọ́. Lọ lé tìróò ẹ fún ọkọ ẹ." Ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Alàájì.

Sèlíátù pa àṣẹ náà mọ́. Jàfárù fúnra rẹ̀ ló ń bá a gbé ìdì abọ́ lọ sí ìsọ̀ láràárọ̀, àwọn ọkùnrin Koko ń pè é ní ìyàwó ọlọ́jà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹrù kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mànàmáná tún kọ lójú Sèlíátù. Àwọn eṣinṣin pọ̀ bí ẹní da èédú lúbúlúbú. Nígbà tí yóò fi pàtẹ tán, òjìji kan ti dúró sí ìhà imú.

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀. Ó kàn rántí bí Alàájì yóò ṣe mi orí pé "mo ti wí" ni. Ó rántí ọ̀nà Abidjan pẹ̀lú, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń sọ Anago kalẹ̀ sínú oòrùn ní gbogbo barrage tí wọ́n fi dí ọ̀nà, tí ọmọkùnrin kan nínú wọn ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ní kó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Marthe yà sí ìsọ̀ rẹ̀. "Ìyá Qoyyum, ojú ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni."

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Mo ní alihamudulilahi." Marthe sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́ja kan tó ti Béoumi wá ń ra abọ́ ńlá. Sèlíátù fọwọ́ bo ojú òsì, ó wò ó. Ìdajì ojú obìnrin náà ló rí. Ìdajì kejì ti wọ inú òkùnkùn.

Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn ẹ̀rù ni ìbínú dé, kì í ṣe sí dókítà, kì í ṣe sí ṣọ́jà, sí ẹnu ara rẹ̀ ni. Ta ni ó ń bò láṣìírí? Ó ní kí Sìdíkátù bá òun wo ìsọ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.

Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbórí sókè. "Carte de séjour, káàdì àlejò dà? Àwọn àlejò, ẹ lọ dúró lọ́hùn-ún. Ọmọ onílùú la ó kọ́kọ́ dá lóhùn."

Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá sọ pé "pardon, ọmọ mi," kó sì lọ dúró. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà gan-an.

"Káàdì mi wà nílé," ó ní. "Ó máa wà níbẹ̀ lọ́la. Ojú mi lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Mi ò ní kúrò."

"Màmá, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀."

"Mo ti dá a. Pe ẹni tó o bá fẹ́ pè."

Ìyá àgbà Baoulé kan tó ti Bodokro wá, tó wà níwájú ìlà, fi Dioula sọ pé, "Mo fún un ní ipò mi. Ṣé èmi náà kì í ṣe ọmọ onílùú ni?" Marthe ti gbọ́ ariwo, ó ti jáde.

"Ìyá Qoyyum, ṣé àlàáfíà ni?"

"Kì í ṣe àlàáfíà. Lánàá náà, kì í ṣe àlàáfíà. Mo purọ́ fún ẹ."

Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ Abidjan lójú ẹsẹ̀. Alàájì Tàjúdínì bá wọn nílé, ó ní ọ̀nà kò dára, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ ṣe àdúà títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Jàfárù, tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dáhùn. "Ẹ bá wa ṣe àdúà náà, Alàájì. Àwa ń lọ."

Wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́nà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ṣọ́jà á ní, "Ça va, la mère?" bí ẹní ń bèèrè àlàáfíà. Sèlíátù á ní, "Ça ne va pas," kì í ṣe àlàáfíà, á sì ròyìn ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn kan jẹ́ kí wọ́n kọjá, àwọn kan dá wọn dúró síbẹ̀síbẹ̀. Kò sí èyí tó gbọ́ "ça va" lẹ́nu rẹ̀.

Ní Abidjan, dókítà ní omi ti wọ abẹ́ awọ ojú náà, ṣùgbọ́n kò tíì dé àárín rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì tún fi lésà kún un. Ó ní ká ní wọ́n dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, bóyá ojú náà ì bá ti lọ. Lónìí, igun kan ṣì ṣú díẹ̀ lójú Sèlíátù, iná ọkọ̀ sì ń ta á lójú nírọ̀lẹ́. Ó ń rí ayé, ó ń ta abọ́, ó sì ń rí ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ láti òkèèrè.

Ẹ̀yin ará wa, bí wọ́n bá ti fi lésà lẹ awọ ojú yín, ẹ má bínú sí eṣinṣin tó kù síbẹ̀, ẹ má sì fi tìróò, oyin tàbí omi àlùbọ́sà lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ẹrù títí dókítà yóò fi ní kí ẹ máa gbé e. Ṣùgbọ́n mànàmáná tuntun, eṣinṣin tó ya wọlé lójijì, òjìji tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọn kò ní sùúrù, ẹ̀yin náà ẹ má ní in. Bí wọ́n bá pè yín ní àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kí ẹ sì pa "àlàáfíà ni" mọ́ fún ẹni tó ń kí yín lójú ọ̀nà. Dókítà kò kí yín. Ó ń bi yín ni.