Abẹ́rẹ́ Dúró Lórí Méjìlá

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, mi ò sì mutí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó má gbà á.

Ọdún 1988 ni, nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ikeja. SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ìgbà náà, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdajì wa. Wahab àti Ṣínà ni wọ́n jọ máa ń fi tírọ́lì ti ìdì aṣọ ńláńlá gun òkè lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Lọ́jọ́ tí ibà dá Wahab dúró sílé, Ṣínà nìkan tì í. Tírọ́lì padà wálẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Láti ìgbà náà ni Wahab ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ẹnì kejì.

Màníjà wa, Ọ̀gá Adégbénró, ní ká wọn agbára tó ń gbà láti tì í. Wọ́n fún mi ní òṣùwọ̀n kan tó lójú bí aago. Èèyàn á gbé e sí ìdí tírọ́lì, á fi tì í, abẹ́rẹ́ á sì sọ iye kílò. Bó bá kọjá ogún, èèyàn méjì ni. Bí kò bá kọjá, ẹnì kan ti tó.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni. NEPA ti mú iná lọ, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ tì í wò. Abẹ́rẹ́ kọjá ogójì, tírọ́lì ò mì. Inú mi dùn fún Wahab.

"Òun gan-an ni kó tì í," ni ọ̀gá wí.

Wahab dì í mú. Bí òun àti Ṣínà ti máa ń ṣe kí wọ́n tó gbéra, ó fi ìka kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ó gbàgbé pé Ṣínà ò sí mọ́ ni.

Lápá òsì, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, irin náà dún lẹ́ẹ̀mejì padà.

Tírọ́lì gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lórí méjìlá.

"Ṣínà, fi sílẹ̀," Wahab sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe wúwo tó."

Abẹ́rẹ́ ò kúrò.

"Quadri, mélòó ló wà níbẹ̀?" ọ̀gá bi mí.

"Méjìlá, sà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Wahab wí. "Kì í ṣe èmi nìkan ni mo tì í."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n buwọ́ lù ú.

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Ṣùgbọ́n méjìlá ni mo rí, méjìlá náà ni mo kọ.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo dúró nísàlẹ̀ òkè náà. Wahab nìkan ló wà nídìí tírọ́lì, ó kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Èsì dé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tì í lọ. Nígbà tó dé àárín òkè, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ṣínà?"

Ó tún pè é. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ táyà tírọ́lì, ó ń sáré yí padà bọ̀ wálẹ̀.