Fìlà Tí Dáfídì Ṣí Lẹ́yìn Ọkọ̀ Olówòkéré

Gbà-à! Gbà-à!

Ìbọn dún lójú omi Awoye, àwọn ẹyẹ fò dìde lórí igi.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, omi ló máa gbé e lọ!"

Promise ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, olórí àwọn ọlọ́ṣà orí omi. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, kùrukùru ò tíì ká. Àwọn ẹlẹ́ja tó ń lọ sọ́jà ti nà gbalaja sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń pe Jésù. Marvellous, ọmọ ẹ̀yìn Promise, ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kíákíá.

"Ẹ ṣàánú wa! Ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan la ní o!"

Obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ yẹn ni Beauty, ẹlẹ́ja ará Ayétòrò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, tó fi ọ̀dà funfun ya àgbélébùú sí lára, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo etí òkun.

Dáfídì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Òun ni awakọ̀ àwọn ọlọ́ṣà náà. Ó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì tiwọn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fìlà dúdú bo gbogbo orí àti ojú rẹ̀, ẹyinjú nìkan ló hàn, síbẹ̀ ó ń yíjú! Ojú ń tì í lábẹ́ fìlà. Beauty yìí ló máa ń fún un ní ẹja yíyan nígbà tó wà ní kékeré.

Gírí! Wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì náà bọ́ sínú ọkọ̀ wọn.

"Awakọ̀, gbé e!"

Vùùùùù!

Wọn ò tíì jìnnà tí ìbọn mìíràn fi dáhùn lẹ́yìn wọn. Tàù! Tàù! Táyé, olórí àwọn fijilánté tó ń ṣọ́ ojú omi, àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti Zion Pepe ti ń bọ̀!

"Ẹ dúró, ẹ̀yin olè!"

"Wá mú wa, bí o bá lójú!" Promise rẹ́rìn-ín, ó lu òǹdè, oògùn tó so mọ́ apá. "Ojú kankan ò lè rí èmi Promise! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣáà rántí èèwọ̀ ẹ̀. A ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni títí a ó fi délé. Ká dákẹ́ ni!"

Ẹ ò rí i bí ó ti rọrùn tó! Oògùn tó jẹ́ pé àìkíni nìkan ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ Ayétòrò ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì, Ayétòrò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìkíni kó tó mọ rírìn.

Tàù!

Ọta kan kọjá létí Marvellous, ó lu kẹ́ẹ̀gì epo. Dáfídì yí ọkọ̀ wọ inú ọ̀nà omi tóóró kan, ó tún yí i, ó tún yí i, títí kùrukùru fi gbé wọn mì. Ariwo ẹ́ńjìnnì Táyé jìnnà sẹ́yìn. Wọ́n bọ́.

Marvellous gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ó mì í. "Ọ̀gá, epo ti ṣàn dànù. Ìdajì ọ̀nà ni èyí tó kù máa gbé wa dé."

Ibùba wọn wà níwájú Ayétòrò, ojú omi gbalasa ni wọ́n sì máa gbà débẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ ńlá kan yọ jáde nínú kùrukùru, pákó kún un dé òkè, ó rọra ń dojú kọ ọ̀nà Ayétòrò. Gìdì-gìdì-gìdì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún.

Dáfídì mọ ìró yẹn. Ọkọ̀ Bàbá Olówòkéré ni!

Kí Olówòkéré tó di ọlọ́kọ̀ omi, tírélà ló ń wà lójú títì Ọ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ bí àwọn mọ́tò kékeré ṣe máa ń sá sẹ́yìn tírélà òun kí atẹ́gùn má baà kọlù wọ́n, kí epo wọn lè pẹ́. Ìyẹn léwu lójú títì, òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí tírélà lè tẹ bíréèkì lójijì. Lórí omi, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Òun ló kọ́ Dáfídì bí ọkọ̀ kékeré ṣe ń dúró sórí ìgbì tí ọkọ̀ ńlá ń tì sẹ́yìn, tí ìgbì yẹn á máa gbé e lọ, tí awakọ̀ á sì dín iná ẹ́ńjìnnì kù. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, gbogbo ọlọ́kọ̀ kékeré ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó ní òfin. O ò lè wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹni lásán. Bí o bá ti wọ̀ ọ́, wàá ṣí ohun tó wà lórí rẹ, wàá gbé e sókè sí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ńlá, kó lè mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ lẹ́yìn òun. Bí wọ́n bá ti mọ̀, wọn ò ní dúró lójijì, wọn ò ní da nǹkan sómi.

"Wọ ẹ̀yìn ẹ̀," ni Promise wí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wá òmíràn."

"Kí ló dé?"

Kí ni Dáfídì fẹ́ sọ? Pé bàbá yẹn ń jókòó ti ìyá òun ní ṣọ́ọ̀ṣì? Pé Rèbékà, ìyá òun, ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn òṣìṣẹ́ ni ọmọ òun ń fi ọkọ̀ gbé ní Awoye? Látìgbà tí òkun ti gbé ilé wọn lọ, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí nìkan ni obìnrin náà fi ń yangàn. Dáfídì kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n tó bó ṣe bẹ̀rù pé kí ẹnìkan láti ilé rí ojú òun.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. Ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó ṣáà bò ó dáadáa.

Wọ́n fi tapólì bo ẹ́ńjìnnì Beauty àti ìbọn. Dáfídì tọ ọkọ̀ ńlá náà lẹ́yìn. Gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lára ìgbì. Díẹ̀ sápá òsì. Rọra. Rọra... ó wọlé! Ọkọ̀ kékeré náà gorí ìgbì jẹ́ẹ́, Dáfídì dín iná kù.

Ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sórí fúnra rẹ̀, ó ṣí fìlà dúdú náà, ó gbé e sókè!

Yéè!

"O ya wèrè ni?" Promise kígbe. "O ti kí i! O ti ba oògùn jẹ́!"

Nídìí ọkọ̀ ńlá, arúgbó náà ti ṣí fìlà tirẹ̀ náà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Dáfídì! Ọmọ Rèbékà! Ùwọ ni? O ò tíì gbàgbé ẹ̀kọ́ mi!"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Epo ò tó, àbí? Dúró, mo ní kẹ́ẹ̀gì kan níbí. Ẹ̀bùn ni, má ṣèyọnu."

Ó so kẹ́ẹ̀gì epo náà mọ́ okùn, ó ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí wọn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ pé ìyá rẹ̀ á gbọ́ pé òun rí i, inú rẹ̀ á dùn. Ì bá sàn fún Dáfídì kí bàbá náà gbá a létí. Ì bá sàn kó bú u. Inú rere yẹn jó o lára ju iná lọ.

Fùù! Atẹ́gùn ká tapólì kúrò.

Ojú Olówòkéré bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì búlúù, sórí àgbélébùú funfun. Ó wo ìbọn. Ó wo fìlà dúdú lọ́wọ́ Dáfídì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti mọ̀ wá," ni Promise wí. Ó gbé ìbọn, ó nà án sí àyà arúgbó náà. "Bàbá, ó dìgbà!"

Okùn pupa kan wà lára ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí o bá fà á yọ, ẹ́ńjìnnì kú.

Dáfídì fà á yọ.

Pìì! Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ọkọ̀ yẹ̀ lórí ìgbì, ó fẹ̀gbẹ́ kalẹ̀, omi sì gbá a. Gbìì! Kàù! Ìbọn Promise dún sójú ọ̀run, òun alára ṣubú sómi. Ọkọ̀ dojú dé, ẹ́ńjìnnì Beauty há sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Ìbọn yẹn ni Táyé gbọ́. Vùùùù! Àwọn fijilánté yọ láti inú kùrukùru, wọ́n yí wọn ká. Marvellous ti ká ọwọ́ sókè kí wọ́n tó sọ fún un.

Promise ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń lu òǹdè apá rẹ̀. "Ẹ ò rí mi! Ojú yín ò rí mi!"

"Mo rí ẹ kedere," ni Táyé dáhùn. "Mo rí òǹdè ọ̀hún náà. Mú ọwọ́ wá."

Inú ọkọ̀ Olówòkéré ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, wọ́n de ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n so ọkọ̀ tó dojú dé mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá. Wọ́n mú Dáfídì jókòó ti arúgbó náà. Kùrukùru ti ká. Ayétòrò ti ń hàn.

"Bàbá," ni Dáfídì wí, "ẹ bá mi fi fìlà yẹn bo ojú mi. Mo bẹ̀ yín, kí a tó dé ebúté."

"Omi ti gbé e lọ."

Arúgbó náà yíjú sí Táyé tó dúró tì wọ́n.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí," ni Olówòkéré wí fún Táyé, orí rẹ̀ wálẹ̀. "Ọwọ́ mi ló ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀." Ojú ń ti òun náà, ẹni tí kò jí nǹkan kan.

Obìnrin kan ti dúró lébúté. Rèbékà ni. Kò sí ọjọ́ tí kì í wá pàdé ọkọ̀ yìí, bóyá ẹnìkan á mú ìròyìn Awoye bọ̀. Ó fọwọ́ ṣíji bojú, ó wò ó, ó tún un wò. Ó rí ọmọ rẹ̀ nídìí ọkọ̀.

"Dáfídì! Ọmọ mi ló ń bọ̀ yẹn! Ẹ wá wò ó o!"

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń fì í sí i, ó ń retí kí ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè kó dáhùn.

Okùn wà lọ́wọ́ Dáfídì lẹ́yìn. Ó wolẹ̀.

Gèlè ni Rèbékà ṣì ń fì.