Iná Ara Ògiri Ilé Mùíz

Ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan iná ara ògiri onígi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Hàlímàt tó bú sẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan l'Ọ́fà ni, lọ́sàn-án gangan, òórùn pákó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Hàlímàt wá gba àga bàbá rẹ̀ tí gbẹ́nàgbẹ́nà tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Brọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Tí ẹ bá ní ọbẹ̀, ẹ gbé e wá."

Wọ́n ní ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ojú ti ọkùnrin yìí pẹ́ kó tó rí Hàlímàt, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i, kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Tíṣà ni, Mùíz lorúkọ rẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ láyé àwọn òyìnbó ló ń tún ṣe, ó sì fẹ́ iná ara ògiri tó bá fèrèsé onípákó ibẹ̀ mu: apá igi tó tẹ̀ kọrọdọ, tó gbé gíláàsì kékeré dání.

"Ẹ bá mi yàn án," ó ní. "Ojú mi kì í tètè dá nǹkan mọ̀."

Hàlímàt yan èyí tí wọn ò kùn ní fánííṣì dúdú, kí pálọ̀ má bàa ṣókùnkùn. Nígbà tó di ti àtẹ̀gùn, wọ́n jọ tún lọ yàn án. Kó tó kan ti yàrá, wọ́n ti ń pe ara wọn ní olólùfẹ́.

Àárín àtẹ̀gùn yẹn ni Mùíz ti jẹ́wọ́ fún un. "Hàlímàt mi, ojú mi ń lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń kú bọ̀ láàárín. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò lè padà."

"Kí lẹ wá ń ra iná fún?"

"Ìwọ ni yóò máa tàn fún. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run: kí n rí ọ nínú aṣọ ìyàwó kó tó tán."

Hàlímàt sunkún títí. "Ẹ yáa tètè wá rí Daddy," ó ní.

Ó lọ lóòótọ́. Ó wọlé, ó rí àgbàlagbà kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń pè é ní Daddy. Àlejò tó wá ra iṣu ni bàbá yẹn! Alhaji Tàjùdéèn, bàbá Hàlímàt gan-an, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Mùíz sì ti kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Inú kọ́kọ́ bí Alhaji. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọmọkùnrin náà, ó ju ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Mùíz ò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Alhaji ò sọ pé rárá. "Ẹ jẹ́ kí Hàlímàt ṣe wólíìmọ̀ Kùránì rẹ̀ ná, ká tó so yìgì," ló wí. Ó di ẹ̀yìn Rámádàánì. Ó di ẹ̀yìn Iléyá. Ó ní kí òjò dá. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún mi pé nítorí Kùránì ni: ó ń dúró kí ojú náà kú, kí ọmọ rẹ̀ lè sá.

Mùíz kan àwọn iná náà mọ́ ògiri, ó ń fọwọ́ wá ibi tí ìṣó wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Hàlímàt lórí fóònù. "Ilẹ̀ mi ò mọ́ lónìí," ó ní.

Hàlímàt kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Daddy, ohun tí ẹ ń dúró dè ti dé. Mo ṣì máa fẹ́ ẹ."

Alhaji wolẹ̀, ó wá ní kí wọ́n lọ mú ọjọ́. Wọ́n ṣe wólíìmọ̀, wọ́n so yìgì.

Alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn èrò túká, Mùíz fọwọ́ tọ ògiri lọ, ó tẹ súìṣì. Wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Ilé ṣú dùdù.

"Ṣé ó mọ́lẹ̀ tó?"

"Ó mọ́lẹ̀, ọkọ mi. Ó mọ́lẹ̀ dáadáa."

"Ó yá, sọ bí o ṣe rí fún mi."

Hàlímàt ò rí ọwọ́ ara rẹ̀ pàápàá. Ó jókòó tì í, ó nu omijé nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí gèlè.